Ìlà Tí Mo Fà Gba Inú Yìnyín Kọjá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, ẹ ní kí n wá sọ iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó yàn. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má retí kí n wú yín lórí o, torí ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ìwúrí, kó lọ bá olórí akọrin wa. Òun ló lóhùn. Èmi, ohun tójú mi rí ni màá sọ, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀pọ̀ yín ló rò pé ilé iṣẹ́ mọ́tò ni mo ti fẹ̀yìn tì. Torí pé mo ti dàgbà, mo sì ń gbé ní Becontree, nítòsí ilé iṣẹ́ mọ́tò ńlá ti Dagenham, ó parí nìyẹn: Bàbá Bùkọ́lá ti to mọ́tò rí. Rárá o. Mi ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rí. Máàpù ni mo ń yà. Máàpù òkun, èyí tí àwọn awakọ̀ ojú omi fi ń mọ ibi tí òkúta wà, bí omi ṣe jìn tó, àti ibi tí omi orílẹ̀-èdè kan parí sí kí ti òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo òkun ayé, èyí tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni ti òkè pátápátá, níhà àríwá, níbi tí yìnyín bo omi mọ́lẹ̀. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, tí yìnyín tí mo mọ̀ kí n tó dé ìlú yìí kò ju ti inú fìríìsà lọ! Títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò débẹ̀. Òtútù tó ń mú mi ní ibùdókọ̀ Heathway ní oṣù kìíní ti tó mi.

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ náà kò gùn. Mo kọ́ yíya àwòrán ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn sọ̀fíyọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo bá ẹ̀gbọ́n mi wá sí London, mo fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì fún ìgbà díẹ̀, mo wá rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé ní Barking pé àwọn ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo wọlé. Wọ́n ní kí n fa ìlà kan, mo fà á, wọ́n gbà mí. Owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́, kí ẹ má baà káàánú mi.

Ilé alábíríkì kan ni, lẹ́bàá odò, tó máa ń rùn burúkú tí omi bá ti fà. Obìnrin kan ló jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀; Màdáámù ni gbogbo wa ń pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ ni Mísítà Kọ́lìn, ará Scotland, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín kí aago méjìlá tó lù. Tó bá tún ti di aago kan, ẹ̀rín ti tán.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ìlà nìkan ni mo fà. Láàárọ̀, ìlà. Lọ́sàn-án, ìlà. Kí n tó jókòó, Kọ́lìn á ní, "Jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ." Màá na ọwọ́ síwájú bí ọmọ iléèwé. Tó bá rí i pé èékánná mi gùn, ó di ilé. Tó bá rí epo lára ìka mi, ó di ilé. Nítorí ọkùnrin yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí jẹ ẹ̀bà. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, "Bàbá Bùkọ́lá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, ọ̀gá mi ni.

Ní ọdún kejì mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ya etí òkun kan. Nígbà yẹn yíǹkì la fi ń yà á, lórí bébà tó ń fi ara hàn, pẹ̀lú kálámù tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Tí o bá sín, ó bàjẹ́. Mo gbé e lọ bá Kọ́lìn, inú mi ń dùn. Ó yọ awò tó fi ń mú nǹkan tóbi.

"Sànyà, òkúta yìí ńkọ́?"

"Òkúta wo, sà?"

"Èyí tó wà níbí."

Òkúta tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni. Mo ti sún un sí ọ̀tún díẹ̀ kí orúkọ ìlú lè ráyè. Kọ́lìn mú bíléèdì, ó gé bébà náà sí méjì lójú mi. Ó ní, "Orúkọ ìlú ni o lè sún. Ọkọ̀ kò ní forí gbá orúkọ." Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti bímọ nígbà náà o, baálé ilé ni mí.

Òfin rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì wà tí kò gba àwáwí rárá. Èkíní: ohun tí a kò bá mọ̀, a ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun. A ò gbọ́dọ̀ méfò. Èkejì: ẹni tó ya máàpù á fi bírò kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ méjì sí igun òsì nísàlẹ̀, ẹlòmíràn á wá fi ojú tirẹ̀ yẹ gbogbo rẹ̀ wò, á kọ lẹ́tà tirẹ̀ sí igun ọ̀tún. Láìjẹ́ pé lẹ́tà méjèèjì pé, máàpù kò gbọ́dọ̀ jáde nílé yẹn, bí ọba ló fẹ́ rà á. Ohun táwọn oníbàárà fi gbà wá gbọ́ nìyẹn. Àwọn awakọ̀ kò mọ̀ wá, wọn ò rí wa rí, igun ọ̀tún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìnyín, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti wá. Lókè lọ́hùn-ún, orílẹ̀-èdè méjì kan wà tí wọ́n pààlà lójú omi. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí inú ń bí àwọn méjèèjì di òní olónìí. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní Ará Ìlà-oòrùn, ká pe èkejì ní Ará Ìwọ̀-oòrùn. Ààlà wọn lọ gbọọrọ lójú òkun títí tó fi dé etí yìnyín, ó wá dúró síbẹ̀. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ààlà náà nígbà àwọn baba wọn kò yọ ara wọn lẹ́nu nípa ohun tó wà níwájú. Ta ló fẹ́ lọ síbẹ̀? Ẹja wo ni wọ́n fẹ́ pa lábẹ́ yìnyín tó ki ju ilé lọ? Nítorí náà, nínú máàpù wa, ìlà dé etí funfun, ó parí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ya ìlà yẹn, kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n kó tábìlì wa tó dagun jáde, wọ́n kó yíǹkì dànù. Àwa tí a ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ bí a ṣe ń mí nígbà tí a bá ń fa ìlà, wọ́n ní ká jókòó, ká máa tẹ bọ́tìnì. Inú Kọ́lìn bàjẹ́. Ó ní báwo lòun ṣe máa mọ ẹni tó ń ṣọ́ra, nígbà tí àṣìṣe kò gbà ju títẹ bọ́tìnì kan lọ kó tó pa rẹ́? Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn ni lẹ́tà igun méjèèjì. Kọ̀ǹpútà lè ya máàpù, ó ní, ṣùgbọ́n èèyàn ni yóò fi bírò fọwọ́ sí i.

Lọ́dọọdún, lópin ìgbà ooru, àwòrán tuntun máa ń wá láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, tó ń fi ibi tí yìnyín kù sí hàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tó yá, iṣẹ́ mi wá di kìkì pípa funfun rẹ́. Ibi tí mo ya ní yìnyín lọ́dún tó kọjá, mo ń kùn ún ní àwọ̀ omi lọ́dún yìí. Mo máa ń jókòó ní Barking, tíì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń pa ibi tó gbòòrò ju gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ rẹ́ kó tó di àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ó ń bà mí lẹ́rù, ó tún ń rẹ̀ mí. Mo sọ ọ́ fún àwọn kan níbí, wọ́n ní kí ló kan Dagenham níbẹ̀.

Bí yìnyín ṣe ń lọ ni àwọn èèyàn ń dé. Tẹ́lẹ̀, àwọn onímọ̀ díẹ̀ tó ń ka ẹyẹ ló ń ra máàpù òkè. Ní báyìí, àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù fẹ́ ẹ, torí ọ̀nà ibẹ̀ yá ju kí wọ́n yí ayé ká lọ. Àwọn tó ń wa epo fẹ́ ẹ. Àwọn apẹja fẹ́ ẹ, torí ẹja ń sá tẹ̀ lé omi tútù lọ sókè. Àwọn lọ́yà ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. Mo rántí ọ̀sẹ̀ kan tí lẹ́tà méjì dé lọ́jọ́ kan náà: ọ̀kan ní ọ̀nà omi kan báyìí, inú ilé tòun ló wà, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èkejì ní gbogbo ayé ló ni ín, tí a bá kọ ohun mìíràn, àwọn á pè wá lẹ́jọ́. Kọ́lìn ka méjèèjì, ó tò wọ́n léra, ó gbé ife tíì rẹ̀ lé wọn. Ó ní, "Nígbà tó jẹ́ yìnyín, wọn ò mọ̀ pé àwọn ní àbúrò tó ń jẹ́ òkun."

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan.

Kọ́lìn ti wọ ilé ìwòsàn. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ egungun ìbàdí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta irinṣẹ́ fún àwọn apẹja ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ máàpù òkun òkè, tuntun, kíákíá, kí àwọn ọkọ̀ tó ṣí. Mo yà á. Ó dára. Ibì kan ṣoṣo ló kù: ibi tí yìnyín ti kúrò, tí ààlà àwọn orílẹ̀-èdè méjì yẹn wá dúró lójijì sáàárín omi, bí àtẹ̀gùn tí wọn ò kọ́ parí. Lókè ibẹ̀, erékùṣù kékeré kan wà, òkúta lásán tí ẹyẹ ń sùn sí.

Ó yẹ kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlà tó dúró sáàárín ọ̀nà yẹn ń rí mi lára. Mo rántí ilẹ̀ bàbá mi nílé. Pèrègún kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi á na okùn láti ọ̀kan dé èkejì, ó tán, ibẹ̀ ni ààlà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Mo tẹ ìparí ìlà, mo tẹ erékùṣù, kọ̀ǹpútà na okùn fún mi. Ìlà tó dán, tí kò já níbì kan. Ohun tí mo gbàgbé ni pé nílé, ìdílé méjèèjì ló péjọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbin pèrègún. Kò sẹ́ni tó péjọ síbi erékùṣù yẹn. Èmi nìkan ni.

Ó wá ku igun ọ̀tún. Màdáámù ní kí n gbé máàpù náà lọ bá Kọ́lìn lórí ibùsùn rẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Bọ́ọ̀sì kan péré ni. Ṣùgbọ́n Ìkórè ìjọ wa ni ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, èmi sì ni alága èso. Mo gbọ́dọ̀ dé Heathway kí wọ́n tó palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, kí n kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ̀yìnbó àti àgbọn. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ Kọ́lìn, á yọ awò, á bèèrè ọ̀rọ̀, ilẹ̀ á ṣú. Mo ní ṣebí èmi náà ti dàgbà níbi iṣẹ́ yìí. Ogún ọdún ni mo ti ń wo ọkùnrin yìí, kí ló fẹ́ sọ tí mi ò mọ̀? Mo mú bírò. Mo kọ lẹ́tà tèmi sí òsì. Mo wá kọ tirẹ̀ sí ọ̀tún. Ó jọ ọ́ dáadáa.

Iṣẹ́ Ọlọ́run ni mo fi bojú. Ìkórè yẹn sì dára o! Àwọn èèyàn ṣì ń yin èso mi di ọdún kejì.

Nígbà tí ooru fẹ́ parí, ìròyìn dé. Apẹja kan wà tó ń jẹ́ Kápútẹ̀nì Hárálì, àgbà ọkùnrin, tó ní ọkọ̀ kékeré tirẹ̀. Kì í ṣe ará ọ̀kankan nínú orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ará Ìwọ̀-oòrùn ló fún un ní ìwé àṣẹ láti pẹja nínú omi wọn. Ó ra máàpù wa. Ó wo igun ọ̀tún, ó rí lẹ́tà Kọ́lìn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó lọ da àwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà mi, níhà ibi tí ìlà mi sọ pé ó jẹ́ ti Ará Ìwọ̀-oòrùn. Ọkọ̀ ológun Ará Ìlà-oòrùn dé, wọ́n ní omi àwọn ni. Ó yọ máàpù, ó fi hàn wọ́n. Ìyẹn ló wá burú jù. Wọ́n ní wọ́n dìídì ya máàpù yẹn láti jí omi àwọn ni, àti pé Kápútẹ̀nì yìí, ṣe ni wọ́n rán an wá dán àwọn wò. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí èbúté kan, wọ́n ti òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lé. Ará Ìwọ̀-oòrùn náà gbé máàpù wa sókè: ẹ wò ó, àwọn onímọ̀ ní London ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì gbà pé omi wa ni. Àwọn méjèèjì kó ọkọ̀ ogun lọ síbẹ̀. Nítorí ìlà tí mo fà kí n lè tètè lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ lọ́yà Kápútẹ̀nì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bèèrè: ṣé lóòótọ́ ni ẹnì kejì yẹ ìlà yìí wò? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, á jẹ́ pé àṣìṣe lásán ni, wọ́n ṣi ọkùnrin yìí lọ́nà, wọ́n lè fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ni, kí orílẹ̀-èdè méjèèjì máa bá ìjà wọn lọ, kí Kápútẹ̀nì máa dúró sáàárín.

Kọ́lìn ti padà síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá. Màdáámù pe àwa méjèèjì, ó gbé máàpù síwájú wa. Kọ́lìn yọ awò rẹ̀. Ó wo igun ọ̀tún, ó pẹ́ gan-an.  Ó mọ̀, ta ló máa mọ ọwọ́ Kọ́lìn ju Kọ́lìn lọ? 

Kọ́lìn ní, "Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé e wá bá mi ní ilé ìwòsàn. Oògùn wà lójú mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi nìyẹn."

Ó fi ọwọ́ sí ìwé fún lọ́yà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo tẹ̀ lé e jáde dé orí àtẹ̀gùn, mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun gan-an."

Ó yíjú sí mi. Mi ò tíì rí irú ojú yẹn rí. "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ìwọ ni mo bò. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan lè jókòó nínú ilé yìí kó fi ọwọ́ ẹlòmíràn sí igun ọ̀tún, gbogbo máàpù tí a ti ṣe láti ogójì ọdún di ìwé tí wọ́n fi ń di àkàrà. Ogójì ọdún, Sànyà." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń ka àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, torí ó bá mi lára mu. Mo ń sọ fún ara mi pé mo dákẹ́ nítorí iṣẹ́, nítorí Kọ́lìn, nítorí gbogbo àwọn tó ń jẹun níbẹ̀. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Oṣù kẹwàá kọjá, oṣù kọkànlá kọjá, Kérésì kọjá. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀, mo ń wọ sùtánà funfun lọ sí ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, mo ń dọ̀bálẹ̀ níwájú pẹpẹ.

Ọjọ́ tó tú mi, ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ní oṣù kìíní. Ìyàwó mi ń gé ewébẹ̀ ní kíṣìnì, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi ìyàwó Kápútẹ̀nì hàn. Ó di máàpù mú, ó ní òun ò tíì gbóhùn ọkọ òun láti ọjọ́ mélòó kan, àti pé àyà tó ń dun ọkọ òun tẹ́lẹ̀ kò tíì san.

Ìyá Bùkọ́lá ní, "Ẹ wò ó, ṣé kì í ṣe máàpù ilé iṣẹ́ yín nìyẹn?"

Mo ní òun ni.

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó yà á?"

Bí mo ṣe jókòó sórí àga nìyẹn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin mọ ìyàwó mi, ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Bùkọ́lá, ní wọ́ọ̀dù wa, tí a bá fẹ́ fún aláìsàn ní oògùn tó le, nọ́ọ̀sì méjì ló ń fọwọ́ sí i. Tí mo bá fi ọwọ́ ẹnì kejì sí i fúnra mi, tí ara aláìsàn wá yí padà, ṣé kí n dúró síbẹ̀ kí n máa wò ó ni, torí kí orúkọ wọ́ọ̀dù wa má baà bàjẹ́?"

Mo ní, "Kò le tó bẹ́ẹ̀."

"Ó le tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ẹlẹ́ran ara ló wà nínú àhámọ́ yẹn. Ẹ dìde, ẹ lọ fọ ojú yín. Lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, kí ẹ ti wà níbẹ̀."

Mo wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Màdáámù. Ó bo ojú rẹ̀, ó wá na bébà sí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó yẹ ìlà náà wò, pé mi ò rí i nínú ìwé àdéhùn kankan, orí ara mi ni mo ti fà á yọ, pé èmi ni mo fi ọwọ́ Kọ́lìn sí i, Màdáámù sì fi í ránṣẹ́ sí lọ́yà Kápútẹ̀nì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, orílẹ̀-èdè méjèèjì ti kó ọkọ̀ ogun wọn padà. Àwọn náà ti ń wá ọ̀nà láti jáde nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú tì wọ́n. Mo kàn fún wọn ní ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi ni. Wọ́n tú Kápútẹ̀nì àtàwọn èèyàn rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ. Èbúté tí wọ́n so ó mọ́ kò sẹ́ni tó ń bójú tó o. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, yìnyín dì yí i ká, ó fọ́ ọ ní ìhà, ó rì síbi tí wọ́n so ó mọ́.

Kọ́lìn kò bínú bí mo ṣe rò. Mo lọ bá a nílé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mayesbrook Park. Ó ṣílẹ̀kùn, ó po tíì fún mi. Ó ní, "Ìwé kan ṣoṣo ni mo purọ́ sí láyé mi. O ti jẹ́ kí gbogbo ayé kà á." Ó wá ní, "O kò ṣe ohun tó burú. Ó kàn jẹ́ pé ó ti sú mi." Kò padà síbi iṣẹ́ mọ́. Ohun tó sọ lórí àtẹ̀gùn sì ṣẹ. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè nípa máàpù tí wọ́n rà nígbà tí mi ò tíì dé ìlú yìí pàápàá. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, Màdáámù ti ti ilẹ̀kùn. Ilé iṣẹ́ mìíràn gba àwa tó kù. Èmi ń bá wọn pa funfun rẹ́ títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ sí igun kankan mọ́.

Ní ọdún tó kọjá, fóònù dún. Kápútẹ̀nì Hárálì ni. Ó ní lọ́yà òun ló fún òun ní nọ́ńbà mi, òun wá kí ọmọ òun tó ń gbé ní London, ṣé òun lè yà? Mi ò lè sọ pé rárá. Ìyá Bùkọ́lá dín dòdò, ó po tíì.

Ọkùnrin tó ga ni, ó ti ń tẹ̀. Bó ṣe wọlé, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ bí a tilẹ̀ jókòó tán. Ó ní inú ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn lòun ti ń bá wọn tún àwọ̀n ṣe báyìí. Ó ní, "Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín kí n tó kú. Lọ́yà mi sọ pé ẹ lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí ẹ ṣe rí àṣìṣe yìí ni ẹ sọ ọ́. Èèyàn dáadáa ni yín."

Mo wo ilẹ̀. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń wò mí.

Mo ní, "Kì í ṣe bí mo ṣe rí i ni mo sọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. "Ìgbà wo lẹ wá mọ̀?"

Mo ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n mú yín."

 Mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó ń ka oṣù ni. Oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ rẹ̀ wà lójú omi. Oṣù kẹwàá, ó wà lójú omi. Oṣù kọkànlá, ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó kà á dé Kérésì, ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.